Ìpè Ìdájí ní Ash-Town: Ọ̀rọ̀ lórí Jẹ́ẹ̀tì Kékeré

Kí wọ́n tó kí ìrun Àsùbá tán ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò náà ni ìpè ti wọlé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tí wọ́n pè jẹ́ oníṣòwò kan ní Ashanti New Town, àdúgbò tí gbogbo ará Kumasi ń pè ní Ash-Town, tí kò jìnnà sí ààfin Manhyia níbi tí ọba Asante ń gbé. Ọkùnrin náà ti lé díẹ̀ ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Kumasi ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ni ó sì padà wá nígbà tí ó dàgbà láti máa ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò padà wá mọ́ láti ọdún tí wọ́n ti lé wọn. Ìròyìn inú ìpè náà kò gùn: ìyá ti lọ. Wọ́n ti ránṣẹ́ pe àwọn àlùfáà, wọn yóò sì kírun sí i lára lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Wọ́n kàn fi tó o létí ni. Kò sí ẹni tí ó sọ pé kí ó máa bọ̀ kíákíá, nítorí gbogbo wọn ni ó mọ̀ pé kò lè bá a.

Ó jókòó sí etí ibùsùn, ó ń ṣírò. Bàálù àkọ́kọ́ láti Kumasi yóò gbé e dé Accra láàárín ìṣẹ́jú 45. Ní Accra, yóò dúró de bàálù tí ń lọ sí Èkó. Ní Èkó, yóò kúrò ní apá tí àwọn tí ń ti òkè òkun bọ̀ ń gbà, yóò lọ sí apá ti abẹ́lé láti wá èyí tí ń lọ sí Ilorin. Láti Ilorin, yóò wọ ọkọ̀ ilẹ̀ dé Ògbómọ̀ṣọ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá bọ́ sí i, tí bàálù kankan kò sì pẹ́ (ẹni tí ó bá mọ ìrìn-àjò ní ilẹ̀ wa kò ní gbé ìṣirò rẹ̀ lé èyí), ilẹ̀ yóò ti ṣú kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀. Erùpẹ̀ orí sàréè yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ.

Ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin kan wá kí i ní òwúrọ̀ náà. Ọmọbìnrin náà ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìmọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ òfuurufú ní Yunifásítì Kwame Nkrumah tí ó wà ní ìlú náà. Bí ó ti kúnlẹ̀ kí i tán, ìró bàálù kọjá lókè òrùlé, nítorí pápákọ̀ òfuurufú Kumasi, tí ó ń jẹ́ orúkọ ọba Prempeh Kìíní báyìí, kò jìnnà sí ibẹ̀.

"Ìyá mi," ni ó pe ọmọ náà, bí ó ti máa ń pè é nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá rọ̀, "ṣé kò sí bàálù kékeré tí ó lè gbé èèyàn láti ibí yìí lọ sí Ilorin tààrà?"

"Ó wà, Bàbá. Wákàtí kan àti díẹ̀ ni yóò fi dé ibẹ̀."

"Èló ni wọ́n ń tà á?"

Ọmọ náà kò tètè dáhùn. Ìbéèrè náà dàbí ọ̀rọ̀ ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, tí ènìyàn kàn lè fi "ẹ fara balẹ̀" dáhùn. Síbẹ̀, ó ti lé ní ogún ọdún tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ ẹ̀rọ àti àwọn olówó ní Amẹ́ríkà ti ń bèèrè ohun kan náà, tí wọ́n sì ti ná ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù dọ́là lórí rẹ̀: ṣé a lè ṣe ọkọ̀ òfuurufú kékeré alájẹ́ẹ̀tì tí owó rẹ̀ yóò mọ níwọ̀n, tí ẹni tí kì í ṣe ọlọ́rọ̀ ńlá yóò fi lè wọ̀ ọ́?

Bí ẹyẹ bá fò láti Kumasi lọ sí Ilorin, nǹkan bí 700 kìlómítà ni. Jẹ́ẹ̀tì kékeré tí ń sá 550 kìlómítà ní wákàtí kan yóò parí rẹ̀ kí wákàtí kan ààbọ̀ tó pé, bí a tilẹ̀ ka gbígbéra àti bíbalẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀nà ilẹ̀ sí Ògbómọ̀ṣọ́ súnmọ́ 1,000 kìlómítà: láti Kumasi sí Accra, sí Aflao, sí Lomé, sí Hilakondji, sí Kútọnu, sí Sẹ̀mẹ̀, sí Èkó, sí Ìbàdàn, kí ó tó kan ilé. Ibodè mẹ́ta ni ó wà lójú ọ̀nà náà. Lóòótọ́, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí àdéhùn lórí ìrìn fàlàlà láti ọdún 1979, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti tò sórí ìlà ní Aflao pẹ̀lú ẹrù lórí mọ̀ pé àdéhùn kò dín ìlà kù.

Ọ̀nà yìí kan náà ni ìyá olóògbé gbà lọ sílé. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gba ìwé náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí wọ́n fi ilẹ̀ Gánà sílẹ̀. Àwọn Yorùbá ti wà nínú àwọn ọjà Kumasi láti ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ti wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ìnísà, láti Ṣakí àti láti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn. Alata ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, orúkọ tí ó ṣì wà lára ọṣẹ dúdú tí àwọn ará Gánà ń pè ní Alata samina títí di òní. Wọ́n ti kọ́lé, wọ́n ti bímọ, wọ́n ti sìnkú sí ibẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó láti ta ilé kan. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni oníṣòwò yìí nígbà náà, ohun tí ó sì rántí jù lọ ni ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ tí wọ́n fi okùn dè mọ́ orí lọ́rì, tí ìyá náà ń yọjú wò ní gbogbo ibi tí ọkọ̀ bá ti dúró. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n lò lọ́nà.

Irú ìdílé bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Ash-Town àti ní àwọn Zongo Kumasi. Ẹsẹ̀ wọn kan wà níbẹ̀, èkejì wà nílé. Ìgbéyàwó wà láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, ọjà wà láàárín wọn, ikú sì wà láàárín wọn. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí ni jẹ́ẹ̀tì kékeré jẹ́ níhìn-ín, bí a tilẹ̀ mọ̀ pé ní Nàìjíríà orúkọ jẹ́ẹ̀tì aládàáni kì í jáde láìmú àwọn òṣèlú àti àwọn oníwàásù ńláńlá wá sọ́kàn.

Jẹ́ẹ̀tì aládàáni fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun. Ní ọdún 1963 ni Learjet 23, tí Bill Lear ṣe, kọ́kọ́ fò, kò sì pẹ́ tí orúkọ náà fi di àmì ọlá. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ní àwọn ọdún 1990 ni èrò pé a lè já a lulẹ̀ kúrò lórí àga ọlá. Òfin kan tí Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1994 wà lára ohun tí ó fà á. Òfin náà dá àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú kékeré sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹjọ́ lórí ọkọ̀ tí ó bá ti ju ọdún 18 lọ. Ìbẹ̀rù irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ti mú kí Cessna dáwọ́ ṣíṣe àwọn ọkọ̀ kékeré alápìsítìnnì dúró láti ọdún 1986. Lẹ́yìn òfin náà ni NASA dara pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ Williams láti ṣe ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì kékeré tí kò ní wúwo, tí kò sì ní wọ́n.

Ẹni tí ó gbé èrò náà lọ jìnnà jù lọ ni Vern Raburn, tí ó dá ilé-iṣẹ́ Eclipse sílẹ̀ ní ọdún 1998. Ìdí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ó ti wá. Ó wà lára àwọn tí ó bá Microsoft ṣiṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ti fojú rí i bí kọ̀ǹpútà ṣe kúrò ní ohun ìní ìjọba àti báǹkì, tí ó di ohun orí tábìlì, ó sì gbà pé bí a bá ń ṣe jẹ́ẹ̀tì ní ọ̀pọ̀ yanturu, owó rẹ̀ yóò wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Wọ́n kéde pé ọkọ̀ alága mẹ́fà, ẹlẹ́ńjìnnì méjì, yóò jẹ́ 837,500 dọ́là, iye tí kò tó ìdajì èyí tí jẹ́ẹ̀tì mìíràn ń lọ fún. Dípò kí wọ́n máa fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìṣó kan ara ọkọ̀ náà pọ̀, wọ́n lo irin kan tí ń yí bírí lórí ibi tí pẹpẹ irin méjì ti pàdé, tí yíyí rẹ̀ ń mú wọn gbóná títí wọn yóò fi rọ̀, tí wọn yóò sì wọ inú ara wọn. Ọgbọ́n náà dára, ó sì ṣiṣẹ́.

Ẹ́ńjìnnì ni kò ṣiṣẹ́. Ti Williams kò ní agbára tó fún ọkọ̀ tí ó ti wúwo ju bí wọ́n ti rò lọ. Ní ọdún 2002 wọ́n jù ú sílẹ̀, wọ́n sì lọ bá Pratt & Whitney ti Kánádà fún òmíràn. Bí ẹ́ńjìnnì ti yí padà ni ohun gbogbo yí padà, ọdún sì ń gorí ọdún. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2006 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó fún Eclipse 500 ní ìwé ẹ̀rí pípé. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2008, owó rẹ̀ ti ju mílíọ̀nù dọ́là méjì lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, gbèsè wọ ilé-iṣẹ́ náà lọ́rùn, wọ́n sì gba ilé ẹjọ́ lọ. Nǹkan bí 260 ọkọ̀ ni wọ́n ṣe, bẹ́ẹ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún lọ́dún ni ìṣirò owó wọn dúró lé lórí.

Níhìn-ín ni ìtàn náà ti kan Ash-Town, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Florida ni ó ti ṣẹlẹ̀. Oníbàárà Eclipse tí ó ga jù lọ ni ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ DayJet, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2007. DayJet kò ta ọkọ̀ fún ẹnikẹ́ni, kò sì yá ẹnikẹ́ni ní odindi ọkọ̀. Àga ni ó ń tà. Ẹni tí ó bá ní dandan ni kí òun gbéra ní aago mẹ́jọ kí òun sì dé ní aago mẹ́sàn-án yóò san owó gọbọi. Ẹni tí ó bá ní "ìgbà tí ó bá wù yín láàárín òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́" yóò san ìwọ̀nba, nítorí pé kọ̀ǹpútà wọn yóò ti ráyè wá ẹni tí yóò fi tì í.

Ẹni tí ó bá ti wọ tro-tro rí ní Kejetia mọ ọ̀nà yìí dunjú. Ní Kumasi, bí o bá fẹ́ dá takisí gbà, "dropping" ni wọ́n ń pè é. Ní Ìbàdàn àti ní Èkó, drọ́ọ̀pù ni. Bí o kò bá lówó drọ́ọ̀pù, o ó jókòó nínú ọkọ̀ títí yóò fi kún, olùrànlọ́wọ́ awakọ̀ yóò sì máa ké orúkọ ibi tí ẹ ń lọ. Ohun tí o san kù ni o fi àkókò rẹ san. DayJet gbé tro-tro lọ sí ojú ọ̀run, àwọn ọ̀mọ̀wé ìṣirò sì kọ ohun púpọ̀ jọ lórí rẹ̀ bí ẹni pé kò sí ẹni tí ó ṣe irú rẹ̀ rí.

Ohun tí ó sọnù níbẹ̀ ni èrò. Kejetia kì í ṣófo. Èyí ni ó jẹ́ kí tro-tro lè dúró de ìgbà tí yóò kún. Àwọn ìlú kéékèèké Florida kò tíì ní èrò tó, owó tí DayJet ìbá fi dúró títí wọn yóò fi pọ̀ sì gbẹ nígbà tí ètò owó ayé dàrú ní ọdún 2008. Wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Bẹ́ẹ̀, lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí DayJet sọ pé òun yóò rà ni Eclipse gbé iye owó rẹ̀ lé. Igi méjì ni wọ́n, tí wọ́n fara ti ara wọn. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ọ̀kan ṣubú tí èkejì fi tẹ̀ lé e.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ka èyí sí ẹ̀rí pé jẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú kò lè sí. Ìdájọ́ náà yá jù. Ọkọ̀ náà fò, púpọ̀ nínú wọn sì fò fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe wọ́n ti kógbá wọlé. Àwọn mìíràn náà sì tẹ̀ lé e. Cessna ṣe Mustang láti ọdún 2006 títí di 2017. Embraer ti Bràsíìlì gbé Phenom 100 jáde ní 2008. Honda ti Japan gba ìwé ẹ̀rí ní 2015. Ní 2016, Cirrus gba ti Vision Jet, tí ó jẹ́ ẹlẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo, tí ó sì ní agboòrùn ńlá kan nínú imú rẹ̀ tí ó lè gbé odindi ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ bí ohun gbogbo bá bàjẹ́. Vision Jet ni ó rọjú jù lọ nínú jẹ́ẹ̀tì tuntun, wọ́n sì ti ṣe ju 500 lọ. Nǹkan bí mílíọ̀nù dọ́là méjì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Ó ti ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ báyìí.

Iye yìí ni ọmọbìnrin náà sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ọkùnrin náà kò bú sẹ́kún, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹni tí ó bá rà á tán ńkọ́? Ṣé ó ti parí náà nìyẹn?"

Ìbéèrè oníṣòwò ni, ó sì lé ìdí ọ̀rọ̀ náà bá. Ẹni tí yóò wa jẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí pàtó fún irú jẹ́ẹ̀tì náà, yóò sì máa padà lọ kọ́ ọ. Inṣọ́ránsì wà. Owó ibùsùn ọkọ̀ wà. Àyẹ̀wò ọdọọdún wà. Ẹ́ńjìnnì ní iye wákàtí tí yóò fò kí wọ́n tó tú u palẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn owó wọ̀nyí ni kò bìkítà bóyá ọkọ̀ fò tàbí kò fò. Bí ó bá fò fún 50 wákàtí lọ́dún, wákàtí kọ̀ọ̀kan yóò ru ẹrù tí ó lè fọ́ ọ lọ́rùn. Bí ó bá fò fún 500, ẹrù kan náà yóò pín sí ìdá mẹ́wàá.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀yà ara ọkọ̀. Suame Magazine kò jìnnà sí Ash-Town. Níbẹ̀, àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì ń tú ẹ́ńjìnnì lọ́rì palẹ̀ sórí iyanrìn, wọ́n ń rọ ohun tí ó kán, wọ́n ń gbẹ́ ohun tí ó jẹ, wọ́n sì ń tò ó padà títí yóò fi dún. Ẹni tí ó bá rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn yóò bèèrè ìdí tí wọn kò fi lè tún ọkọ̀ òfuurufú ṣe. Oníṣòwò yìí náà bèèrè, nítorí pé Suame ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ọmọ náà mú bóòtì kan tí ó wà lórí tábìlì, ó ní irú irin yìí gan-an lè wà lára bàálù, ṣùgbọ́n ti bàálù yóò ní ìwé tí ó sọ ibi tí wọ́n ti yọ́ irin náà, ẹni tí ó dán an wò, ọjọ́ tí wọ́n dè é mọ́ ọkọ̀, àti orúkọ ẹni tí ó dè é. Bí ìwé náà bá sọnù, bóòtì náà di pàǹtí, bí ó tilẹ̀ ń dán.

"Àbí ìwé ni wọ́n ń tà, wọn kì í ta irin?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó ronú díẹ̀. "Ó dára bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ tèmi bá kú lọ́nà Techiman, a ó sọ̀kalẹ̀ tì í."

Ọ̀rọ̀ epo ni ó yà wọ́n lẹ́nu, nítorí pé ibẹ̀ ni jẹ́ẹ̀tì ti sàn fún ilẹ̀ wa. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfuurufú kékeré alápìsítìnnì ń lo pẹtiróòlù pàtàkì kan tí ó ní òjé nínú. Epo náà ṣọ̀wọ́n ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ibi tí ó bá sì wà, ó wọ́n. Jẹ́ẹ̀tì ń mu epo tí ó jẹ́ ọmọ ìyá kẹrosíìnì, èyí tí àwọn bàálù ńlá ń mu. Vision Jet ń mu nǹkan bí 230 sí 280 lítà ní wákàtí kan. Fún Kumasi sí Ilorin, a lè pè é ní 350 lítà. Bí ènìyàn márùn-ún bá wà nínú rẹ̀, 70 lítà ni ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tí ó bá gba ọ̀nà ilẹ̀ kò sì ní mu kéré sí èyí. Kì í ṣe epo ni ó sọ jẹ́ẹ̀tì di ohun àwọn ọlọ́lá.

Kí ni ó kù? Ìrìn òfìfo ni, àti àṣẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ yá jẹ́ẹ̀tì kékeré ní Kumasi yóò yá a láti ibi tí ó sùn sí, bóyá Accra tàbí Èkó. Ọkọ̀ náà yóò fò lófìfo wá gbé e, yóò gbé e dé Ilorin, yóò sì fò lófìfo padà sílé. Òun ni yóò san owó ojú ọ̀run tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí. Àwọn awakọ̀ takisí mọ èyí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba owó àlọ àti àbọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ń lọ sí ibi tí kò sí èrò. Bí àwọn ọ̀rẹ́ márùn-ún bá sì ní kí àwọn dá owó jọ sínú jẹ́ẹ̀tì ẹnì kan, òfin yóò dá wọn dúró. Ní Nàìjíríà, ọkọ̀ tí ó ní ìwé àṣẹ ìfò aládàáni kò gbọ́dọ̀ gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ èrò. Ẹni tí yóò bá gbà á gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ oníṣòwò, pẹ̀lú gbogbo òṣìṣẹ́, àyẹ̀wò àti ìnáwó tí ó rọ̀ mọ́ ọn. Òfin náà kì í ṣe ìkà, nítorí ẹ̀mí ènìyàn ni ó ń ṣọ́. Lẹ́yìn èyí ni àṣẹ àtikọjá lókè Tógò àti Bẹ̀nẹ̀, àti àṣẹ àtibalẹ̀, tí a ó ti bèèrè ṣáájú. Ikú kì í bèèrè ṣáájú.

Ó yẹ kí a rántí pé ọkọ̀ kékeré ni a fi bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè yìí. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá WAAC sílẹ̀ ní ọdún 1946 láti so àwọn ìlú amọ́nà wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà pọ̀, ọkọ̀ De Havilland Dove ni wọ́n kọ́kọ́ lò, tí kò gbà ju nǹkan bí ènìyàn mẹ́jọ lọ. Lẹ́yìn òmìnira Gánà, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan fẹ́ ní tirẹ̀. Ghana Airways bẹ̀rẹ̀ ní 1958, ti Nàìjíríà náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún yẹn kan náà, ọkọ̀ wọn sì ń tóbi sí i, ó sì ń so olú-ìlú mọ́ olú-ìlú. Ti Nàìjíríà kógbá wọlé ní 2003, ti Gánà ní 2004. Àṣà olú-ìlú sí olú-ìlú kò bá wọn kú. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ó wà ní Kumasi fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí òkun, kí ó rìn ní etí òkun, kí ó tún gòkè padà, nígbà tí ibi tí ó ń lọ wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Pápákọ̀ Ilorin sì wà níbẹ̀, tí àwọn alálàájì ti ń gbéra lọ sí Mẹ́kà tààrà, tí àwọn aṣọ́bodè kò sì ṣàjèjì sí.

Bí a bá wò ó báyìí, a ó rí i pé kì í ṣe ìyára ni ó fi ọkùnrin náà sílẹ̀ ní Ash-Town. Àyíká ni. Cessna Caravan kì í ṣe jẹ́ẹ̀tì. Àjẹ̀ ni ó ń yí níwájú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé epo jẹ́ẹ̀tì ni ó ń mu. Kò sá ju nǹkan bí 340 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ ní Kumasi ní aago méje yóò ti balẹ̀ ní Ilorin kí wọ́n tó gbé ìyá náà jáde. Àwọn tí ń retí pé iná mànàmáná ni yóò mú owó wálẹ̀ ṣì ní láti ṣe sùúrù. Pipistrel ti gba ìwé ẹ̀rí fún ọkọ̀ oníná ní Yúróòpù ní 2020, ṣùgbọ́n kò lè fò tó wákàtí kan. Lilium ti Jámánì, tí ó fẹ́ ṣe jẹ́ẹ̀tì oníná, kógbá wọlé lẹ́yìn ìparí ọdún 2024. Ohun tí ó súnmọ́ wa jù lọ ni ìpinnu tí àwọn olórí ECOWAS ṣe ní oṣù kejìlá ọdún 2024, pé kí wọ́n mú owó orí kúrò lórí ìrìn-àjò òfuurufú láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2026, kí wọ́n sì dín owó tí wọ́n ń gbà lórí èrò àti ààbò kù ní ìdá 25 nínú 100. Èyí kò ní ra jẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni ní Ash-Town. Ó lè jẹ́ kí àga kan ṣeé rà, bí ẹnì kan bá lè rí àga mẹ́rin yòókù tà.

Ọkọ̀ ilẹ̀ ni oníṣòwò náà wọ̀ lọ. Ó dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọjọ́ kẹta, ó bá wọn ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ, ó sì dúró ti sàréè náà fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó padà. Nígbà tí ọmọ àbúrò rẹ̀ wá kí i kú àbọ̀, ó bá a nínú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìwé rìsíìtì níwájú rẹ̀. Ó ti dojú ewé kan délẹ̀, ó ń kọ orúkọ àwọn ọmọ Yorùbá Kumasi tí òun mọ̀ pé wọ́n lọ sílé ní oṣù tí ó kọjá: ìyá aláṣọ kan, àlùfáà méjì, ẹni tí ó ń kó kọ́ńdò àti bẹ́líìtì mọ́tò, ọkùnrin kan tí ọmọ rẹ̀ wà nílé ìwé ní Ilorin.

"Ìyá mi, àga mélòó ni ó wà nínú jẹ́ẹ̀tì kékeré yẹn?"

"Márùn-ún, Bàbá, yàtọ̀ sí ti awakọ̀."

"Eléyìí tí ó ní àjẹ̀ níwájú ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí a pè é ní mẹ́sàn-án."

Ó fa ìlà kan sábẹ́ orúkọ karùn-ún, ó fa òmíràn sábẹ́ ẹ̀kẹsàn-án, ó sì ń kọ lọ.